Àgọ́ wo la lè gbé sẹ́yìn ìbaaka mẹ́ta tí òtútù ò fi ní pa wá? (Ọdẹ elk, oṣù kọkànlá, Colorado)

Ọmọ_Ìgbòho · 9 oṣù kẹjọ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ọdẹ àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Àrẹ̀pa o.

Aurora ní Colorado ni mò ń gbé, ó sì di ọdún kẹrin tí mo ti ń ṣọdẹ níbí. Lọ́dún yìí, àwa mẹ́ta fẹ́ dẹ̀gbẹ́ lọ sí Flat Tops, ní ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ yìí, níbi tí elk pọ̀ sí. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹbí àgbọ̀nrín ni elk, àmọ́ akọ rẹ̀ lè wọn kílò 300. Mọ́tò ò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ nítorí òfin Wilderness, òfin tó ń dáàbò bo igbó àdáyébá, tí wọ́n ṣe ní 1964, nítorí náà ẹsẹ̀ la máa fi rìn, ẹranko ló máa ru ẹrù. Láti ibi tí a máa gbé ọkọ̀ sí títí dé ibi tí a fẹ́ pàgọ́ sí tó kìlómítà 11, ibẹ̀ sì ga ju ẹsẹ̀ bàtà 10,000 lọ sí ìtẹ́jú òkun.

Tẹ́ǹtì náílọ́ọ̀nù lásán tí kò níná la gbé lọ lọ́dún tó kọjá. Yìnyín bọ́ lóru ọjọ́ kejì. Bàtà mi ti rin gbingbin kí n tó bọ́ ọ sílẹ̀. Nígbà tí mo jí, ó ti le bí òkúta, okùn rẹ̀ ò ṣeé tú. Mo jókòó, mo gbé e sáàárín itan, mo ń fi èémí ẹnu yọ́ ọ títí ilẹ̀ fi mọ́ kedere. Elk ti kọjá. Ìka ẹsẹ̀ méjì lára àbúrò ìyàwó mi kú tipiri fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, ìyàwó mi ò sì jẹ́ n gbàgbé títí dòní.

Bàbá mi dẹ̀gbẹ́ dáadáa ní Ìgbòho. Àtíbàbà ewé ni wọ́n ń sùn sí, wọ́n á dá iná sẹ́bàá ẹsẹ̀, ọyẹ́ sì ni òtútù tó le jù tí wọ́n mọ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ mi nípa ìtọpa ẹran wúlò fún mi níbí, àmọ́ kò sí ti òtútù yìí nínú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, àgọ́ wo ni kí n rà? Ṣé kánfáásì ni àbí náílọ́ọ̀nù? Ṣé sítóòfù onígi ni àbí hítà?

---

Baba_Ìbaaka · 9 oṣù kẹjọ

Ògún á gbè yín, ọmọ mi. Bàbá tó kọ́ ẹ ní ìtọpa ẹran ti ṣe ẹ́ lóore ńlá.

Kánfáásì ni, má wẹ̀yìn. Ọdún 19 ni mo ti ń bá àwọn tó ń fi ìbaaka kó ẹrù rìn nínú igbó Bob Marshall, níbí ní Montana, mi ò sì tíì rí ohun tó dà bí àgọ́ kánfáásì ológiri tí sítóòfù onígi ń jó nínú rẹ̀. Kánfáásì ń mí. Èémí ẹnu yín, omi tó ń gbẹ kúrò lára aṣọ, ooru ìkòkò, gbogbo rẹ̀ ló ń gba inú òwú náà jáde. Ẹ lè nàró nínú rẹ̀, kí ẹ wọ ṣòkòtò bí èèyàn, kí ẹ sá ìbọ̀sẹ̀ sórí okùn. Sítóòfù tó nípọn tí ẹ bá ki igi ńlá sí ní aago mẹ́wàá alẹ́, tí ẹ sì dín atẹ́gùn rẹ̀ kù, ẹ ṣì máa bá ẹ̀yinná nínú rẹ̀ lẹ́yìn aago mẹ́ta. Èyí tí wọ́n ti rán ojú ihò páìpù sí ni kó o rà, èyí tí wọ́n fi aṣọ tí iná kì í jẹ rán yí ihò náà ká. Kó o tó lọ, nà án sí ẹ̀yìnkùlé, fomi rin ín, jẹ́ kó gbẹ, lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì. Òwú náà á wú, ojú ibi tí abẹ́rẹ́ gbà á dí, òjò ò ní wọlé.

Irin tó gbé e ró ńkọ́? Mú tìrẹ lọ, má gbọ́kàn lé igi tí wàá gé níbẹ̀. Kó irin náà sì kúrú. Irin gígùn á máa gún ìbaaka níhà tàbí kó máa há sáàárín igi lójú ọ̀nà.

Jẹ́ n sọ ti sítóòfù fún ẹ, nítorí pé àwọn tó ń tà á kì í sọ ọ́. Mo fojú ara mi rí sítóòfù kan tí wọn ò fi wáyà de ìlẹ̀kùn rẹ̀. Ó ń gbá ara rẹ̀ gbàgà, gbàgà, bí ìbaaka náà ṣe ń gbẹ́sẹ̀. Ẹranko náà na etí sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan, ó na án lẹ́ẹ̀kejì, ó sì fi eré gé e. Àwọn méjì tí wọ́n so mọ́ ọn nídìí gbá tẹ̀lé e. Ìrẹsì, fìtílà, aṣọ, gbogbo rẹ̀ tú dànù sójú ọ̀nà, ọjọ́ kan gbáko la fi ṣà wọ́n. Láti ọjọ́ náà, mo máa ń ki páìpù sínú sítóòfù, màá fi aṣọ dí gbogbo àlàfo tó kù, màá fi wáyà de ìlẹ̀kùn, màá wá mì ín létí ara mi. Tó bá ṣì ń dún, màá tú u, màá tún un dì.

Ẹrù ọ̀tún àti tòsì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Mo ní òṣùwọ̀n tí mo fi ń gbé wọn kọ́ wò. Tí ọ̀kan bá fi kílò kan ju èkejì lọ, màá tún un pín. Gàárì tó bá yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan á bó ẹ̀yìn ẹranko, egbò yẹn ò sì ní jinná kí ẹ tó délé. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọdé tó bá ń bá mi ṣiṣẹ́ pé ẹranko náà ò lè sọ pé ó ń ta òun.

Ìbaaka mélòó lẹ ní?

---

Àdùkẹ́_Boise · 10 oṣù kẹjọ

Ẹ káàárọ̀ sà, Baba. Mo bọ̀wọ̀ fún ìrírí yín, àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ ti apá kejì.

Èmi àti ọkọ mi ń fi láámà, ẹranko arẹrù tó kéré sí ìbaaka, ṣọdẹ ní Idaho. Láámà kan ò lè ru ju bíi kílò 27 sí 30 lọ, nítorí náà ọ̀rọ̀ kánfáásì ò tilẹ̀ jẹ yọ nílé wa. Àgọ́ olópòó kan là ń lò: òpó kan ṣoṣo láàárín, aṣọ náílọ́ọ̀nù tí wọ́n ti fi sílíkónì kùn, kò ní ilẹ̀, ó ní ojú ihò páìpù. Tiwa tó gba èèyàn mẹ́rin pẹ̀lú ẹrù, kílò mẹ́rin ló wọ̀n. Sítóòfù titanium (irin fúyẹ́) rẹ̀ àti páìpù ò tó kílò méjì pa pọ̀. Ẹ lè tú sítóòfù náà palẹ̀ kó di pẹlẹbẹ, páìpù rẹ̀ sì wà bí ẹní: ẹ máa ká a, ẹ máa fi rọ́bà dè é.

Mi ò ní pa irọ́ fún yín nípa rẹ̀ o. Iná rẹ̀ kì í tọ́jọ́. Igi kéékèèké ló ń jẹ, wákàtí kan, tó bá pẹ́ jù wákàtí méjì, ó ti kú. Náílọ́ọ̀nù ò sì mí. Tí iná bá ti kú, èémí gbogbo yín á lẹ̀ mọ́ ọn, á di yìnyín tín-ín-rín, àárọ̀ tí ẹ bá tún dáná, á wá máa kán sí yín lọ́rùn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń rọ̀ yín pé kí ẹ kọ́kọ́ fi owó yín ra àpò ìsùn tó dára. Iná inú àgọ́ yìí wà fún bàtà, fún ìbọ̀sẹ̀, fún omi gbígbóná, àti fún wákàtí tí ẹ jí àti wákàtí tí ẹ fẹ́ sùn. Àpò ìsùn ló ni òru.

---

Tọ́lá_H_Town · 10 oṣù kẹjọ

Ẹ̀yin ará, kí ló dé tí ẹ ń da ara yín láàmú? Hítà gáàsì kékeré wà ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ tẹ bọ́tìnì, ó jó. Kò séèéfín, kò sí igi gígé. Èmi ń lò ó tí mo bá lọ pẹja.

---

Nọ́ọ̀sì_Rónkẹ́ · 10 oṣù kẹjọ

Bọ̀dá Tọ́lá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe, ní yàrá pàjáwìrì. Mo ti gba àwọn tí wọ́n gbé wá láti inú àgọ́ rí.

Ohunkóhun tó bá ń jó lè tú kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáìdì sílẹ̀, igi ni o, gáàsì ni o, èédú ni o. Kò lóòórùn, kò láwọ̀, ipò ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀ ló ń gbà. Gbogbo wa la ti gbọ́ irú rẹ̀ nílé: wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ sọ́dẹ̀dẹ̀, wọ́n ti fèrèsé pa, ilẹ̀ mọ́, ẹnikẹ́ni ò jí. Májèlé kan náà ni. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orí fífọ́, òòyì, èébì àti kí ó máa rẹni. Ibi tó burú sí fún yín ni pé òkè gíga fúnra rẹ̀ ń fa orí fífọ́ àti èébì. Ọdẹ kan á sọ pé òkè ló ń ṣe òun, á padà lọ sùn. Tí orí bá ń fọ́ ju ẹnì kan lọ nínú àgọ́ kan náà, ẹ jáde síta, kí ẹ tó máa wá ìdí rẹ̀.

Hítà gáàsì tó ní ẹ̀rọ tí ń pa á nígbà tí ọ́síjìn bá dín kù dáa ju èyí tí kò ní lọ. Àmọ́ níbi gíga tí ẹ ń lọ, afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́, irú hítà bẹ́ẹ̀ sì lè máa kú fúnra rẹ̀ láìdáwọ́ dúró. Gáàsì tún ń tú omi sílẹ̀. Kílò kan gáàsì propane tó bá jó á tú kílò omi kan àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀ sínú afẹ́fẹ́ àgọ́ yín. Ṣé ẹ rí i? Bàtà tí ẹ fẹ́ gbẹ gan-an lẹ ń rin. Sítóòfù onígi ní páìpù, ó ń gbé èéfín àti omi rẹ̀ jáde.

Ohun mẹ́ta ni mo bẹ̀ yín. Ẹ ra aago ìkìlọ̀ kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáìdì tó ń lo bátìrì, kí ẹ fi bátìrì lithium sí i torí òtútù ń pa èyí tó kù. Ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa wọlé nísàlẹ̀, kó sì máa jáde lókè, bó ti wù kó tutù tó. Ẹ má ṣe gbé ìkòkò èédú wọ inú àgọ́ láé.

---

Ọmọ_Ìgbòho · 11 oṣù kẹjọ

Ẹ ṣé gan-an. Àǹtí Rónkẹ́, mo ti ra aago náà lónìí kí n tó ra àgọ́ rárá.

Baba, ìbaaka mẹ́ta ni. Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ ló ni wọ́n, òun fúnra rẹ̀ ló máa dà wọ́n, ó dàgbà sídìí ẹṣin. Ó ní òun ò ní di ju kílò 68 lé ẹnikẹ́ni nínú wọn. A máa lo ọjọ́ mẹ́fà. Mo ti rí àgọ́ kánfáásì ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 14 kan, ó wù mí gan-an.

---

Baba_Ìbaaka · 11 oṣù kẹjọ

Ọmọ mi, mo fẹ́ yí ọ̀rọ̀ tí mo sọ padà. Ìbaaka mẹ́jọ lèmi ń kó wọlé, mo gbàgbé pé kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ní mẹ́jọ. Mo mú bírò àti ìwé lálẹ́ yìí. Bá mi kà á.

Mẹ́ta ní kílò 68 jẹ́ 204. Ó dára. Kí ni àwọn ìbaaka fúnra wọn máa jẹ? Nínú oṣù kọkànlá, koríko wà lábẹ́ yìnyín, èyí tó yọrí síta ti gbẹ, kò sí oúnjẹ nínú rẹ̀ mọ́. Kílò méje lójúmọ́ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo máa ń kà. Ẹranko mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́fà: 126. Ó ku 78.

Àgọ́ kánfáásì tí o wí yẹn tó bíi kílò 27. Irin rẹ̀, 30. Sítóòfù gidi pẹ̀lú páìpù, 20. Ó ti di 77.

Kílò kan ló ṣẹ́kù fún oúnjẹ ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ibùsùn yín, àáké, oògùn, ìkòkò.

Nítorí náà, ọmọ mi Àdùkẹ́ ló jàre. Tí ẹ bá lo tirẹ̀, kílò mẹ́fà péré ni ilé àti ààrò yín, ẹ ní 72 fún gbogbo ohun tó kù, ẹ ò sì ní fi ebi pa ẹranko. Ìrìn ẹ̀ẹ̀mejì ṣeé ṣe tí kánfáásì bá wù yín dandan, kìlómítà 11 kì í ṣe ọ̀nà jíjìn. Àmọ́ ọjọ́ ọdẹ méjì lẹ máa fi san án, láti lọ kó o wá àti láti kó o padà. Àti pé tí kánfáásì bá tutù, tó sì dì lọ́jọ́ tí ẹ ń bọ̀, á le gbagidi, kò ní ká, á wúwo ju bí ẹ ṣe gbé e wọlé lọ fíìfíì. Ọjọ́ yẹn gan-an lẹ máa fẹ́ gbé ẹran. Elk kan, tí ẹ bá yọ egungun rẹ̀ kúrò, lè tó kílò 90, ẹ̀yìn ìbaaka méjì nìyẹn. Àpò oúnjẹ wọn tó ti ṣófo ló máa fún ẹran láyè.

Oúnjẹ tí wọ́n fọwọ́ sí pé kò ní èso èpò nínú ni kí ẹ rà, Forest Service, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó igbó, ń béèrè rẹ̀ ní Colorado. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn jẹ ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú kí inú wọn ti mọ̀ ọ́n. Lóru, ẹ na okùn gíga sáàárín igi méjì tó ṣì ń yè, kí ẹ fi ìgbànú fífẹ̀ yí ara igi náà kí okùn má bàa bó èèpo rẹ̀, kó jìnnà sí omi. Ẹ so aṣọ olómi ọsàn mọ́ ọrùn àwọn ìbaaka. Láti òkèèrè, nínú kùrukùru òwúrọ̀, ìbaaka jọ elk lójú ẹni tó ń kánjú.

---

Kọ́lá_GJ · 12 oṣù kẹjọ

Grand Junction ni mo wà, mo máa ń dé Flat Tops dáadáa. Àwọn ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ.

Ẹ wòkè kí ẹ tó na àgọ́. Kòkòrò tó ń jẹ igi spruce pa igbó rẹpẹtẹ níbẹ̀ ní àwọn ọdún 1940, ó sì tún ti jà lẹ́yìn náà. Òkú igi dúró bí òpó, atẹ́gùn kan péré ló ń dúró dè. Ìrọ̀lẹ́ kan, a ti tú ẹrù sílẹ̀ tán níbi tó tẹ́jú dáadáa, ẹni tó dàgbà jù nínú wa wòkè, ó ní ká kó o kúrò. A kùn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọ̀kan ti wó lulẹ̀, ó nà gbalaja sórí ibi tí à bá sùn sí. Láti ìgbà náà, mi ò kì í tú okùn ẹrù tí mi ò bá tíì yí ibẹ̀ po.

Òkú igi náà sì ni ìdáná yín. Ìyẹn tó ti wó, tó nípọn bí ọrùn ọwọ́, tó gbẹ débi pé ó ń dún tẹ́ẹ́ tí ẹ bá gbá a lù. Ẹ mú ayùn kékeré lọ. Sítóòfù titanium ò fẹ́ igi ńlá, wákàtí kan lójúmọ́ lẹ máa fi gé e, kí ẹ kà á mọ́ iṣẹ́ ọjọ́ yín.

Ẹ má sì gbà pé tó bá ti di ìgbà òtútù, kò sí òfin iná, èyí tó ń ka dídáná nínú igbó léèwọ̀, mọ́. Ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2020 ni iná East Troublesome bẹ̀rẹ̀ níbí, ó jó ju éékà 190,000 lọ, ó fo Continental Divide, òkè gíga tó pín omi ilẹ̀ yìí sí ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn, sí òdìkejì. Inú àkókò ọdẹ ni. Tí wọ́n bá kéde òfin iná, ó lè kan sítóòfù onígi inú àgọ́ pẹ̀lú, nígbà tí wọ́n lè gba èyí tó ń lo gáàsì tó ṣeé pa láyè. Ẹ pe ọ́fíìsì Forest Service tó ni ibẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ máa lọ. Tí wọ́n bá ní rárá, àpò ìsùn tí Àǹtí Àdùkẹ́ sọ ló kù fún yín. Ẹ ra àwọ̀n tó ń mú ẹ̀ta iná, ẹ fi bo orí páìpù, bóyá òfin wà o, bóyá kò sí.

Ẹnì kan fi àtẹ̀jíṣẹ́ bi mí nípa hítà oní-dísù, èyí tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná wọlé, tí èéfín rẹ̀ ń gba ìta. Ó dára púpọ̀ lẹ́bàá ọkọ̀. Ooru rẹ̀ gbẹ, kò sí ewu èéfín tí wọ́n bá tò ó dáadáa. Ṣùgbọ́n ó nílò bátìrì, dísù, àti ẹni tó máa tún un ṣe tó bá kọ̀ láti jó. Mi ò ní gbé e sẹ́yìn ìbaaka.

---

Ọmọ_Ìwé · 12 oṣù kẹjọ

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ mi nínú, ẹ jẹ́ n fi díẹ̀ kún un. Àgọ́ olópòó kan yẹn ti pẹ́. Ọ̀gá ológun Amẹ́ríkà kan, Henry Hopkins Sibley, gba ìwé àṣẹ lórí irú rẹ̀ ní 1856, ó ní sítóòfù onípáìpù tirẹ̀ pẹ̀lú. Ara àgọ́ awọ àwọn onílẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wò ó. Àwọn yẹn ti ń dáná sáàárín rẹ̀ tipẹ́, wọ́n ní etí aṣọ lókè tí wọ́n ń darí síbi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí kí èéfín lè jáde, wọ́n sì ń ta aṣọ kejì sínú kí omi má bàa kán lé ẹni tó ń sùn. Ẹṣin ló ń wọ́ òpó àti awọ náà láti ibùdó kan dé òmíràn. Ilẹ̀ àwọn Ute, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ Amẹ́ríkà, ni Flat Tops tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó lé wọn kúrò. Ẹ rántí wọn tí ẹ bá débẹ̀.

Àǹtí Àdùkẹ́, ṣé ẹ̀yin náà ń ta aṣọ sínú tiyín?

---

Àdùkẹ́_Boise · 13 oṣù kẹjọ

A ń ta á, ìdajì ẹ̀gbẹ́ ibi tí a sùn sí. Kò wúwo, omi ò sì kán sí wa lórí mọ́. Ẹ ṣé tí ẹ rántí àwọn tó ni ọgbọ́n náà.

Ẹ̀gbọ́n Ọmọ_Ìgbòho, tí sítóòfù bá dé, ẹ kọ́kọ́ dáná rẹ̀ níta, nílé. Páìpù oníkíká yẹn máa ń ṣorí kunkun lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ aláwọ, torí etí rẹ̀ mú bí abẹ. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, kí ẹni méjì dúró sí orí rẹ̀ méjèèjì, kí ẹ ká a sí apá kejì díẹ̀díẹ̀ títí etí méjèèjì á fi gun ara wọn, ẹ wá máa ti òrùka rẹ̀ wọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí iná bá ti jó o pọ́n lẹ́ẹ̀kan, ó ti mọ ìrísí rẹ̀ nìyẹn, ọjọ́ kejì ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ká ara rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ lórí òkè, lálẹ́, nínú yìnyín, lẹ máa kọ́kọ́ ká a. Èmi àti ọkọ mi ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́, ọwọ́ rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ sórí oúnjẹ wa.

Ẹsẹ̀ sítóòfù gbọ́dọ̀ dúró lórí òkúta pẹlẹbẹ tàbí igi tútù méjì. Tí yìnyín bá wà lábẹ́ rẹ̀, á yọ́, sítóòfù á dà.

---

Ọmọ_Ìgbòho · 23 oṣù kọkànlá

Ẹ̀yin èèyàn mi, a ti dé, ara wa le. Mo jẹ yín ní ìròyìn.

Àgọ́ olópòó kan la rà, pẹ̀lú sítóòfù titanium. Mo dáná rẹ̀ nílé bí Àǹtí Àdùkẹ́ ṣe wí. Ọmọ mi obìnrin ló di orí kejì páìpù mú. Kò sí òfin iná ní ọ̀sẹ̀ tí a lọ, mo pè wọ́n. Òru àkọ́kọ́, ìwọ̀n òtútù lọ sí 17 nísàlẹ̀ òdo. A pín òru: ẹni tí ìtọ̀ bá jí ló máa ki igi sínú iná. Mo na okùn sókè yí òpó ká, a fi bàtà mẹ́fà kọ́ ọ lórí sódì. Láàárọ̀, mo ki ẹsẹ̀ bọ tèmi, ó gbẹ, ó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Mo rántí àárọ̀ ọjọ́ kẹta lọ́dún tó kọjá.

Òru kẹta, aago Àǹtí Rónkẹ́ ké. Yìnyín ti dí gbogbo etí àgọ́ nísàlẹ̀, èmi sì ti dín atẹ́gùn sítóòfù kù kí iná lè pẹ́. Mi ò gbóòórùn ohunkóhun, orí ò fọ́ mi. Aago náà ń han, àbúrò ìyàwó mi ò sì jí sí i, èmi ni mo fà á lẹ́sẹ̀ jáde. A dúró sínú yìnyín pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀, a ń wo ara wa. Lẹ́yìn náà a fi ṣọ́bìrì gbẹ́ etí àgọ́ ká, a ṣí òkè rẹ̀. Àǹtí mi, n ò mọ bí mo ṣe máa dúpẹ́. Ìyàwó mi ní kí n fi nọ́ńbà òun ránṣẹ́ sí yín kó lè dúpẹ́ fúnra rẹ̀.

Àbúrò mi yẹn ló pa abo elk lọ́jọ́ karùn-ún, ní ojúmọmọ. Ìbaaka méjì ló ru ẹran náà, nínú àpò oúnjẹ wọn tó ti ṣófo gẹ́gẹ́ bí Baba ṣe kà á. Ẹ̀yìn àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́, kò sí ibi tó bó. Mo fi ọwọ́ mi wò wọ́n.

Ẹ̀ta iná jó àgọ́ náà lójú ibi méjì, ihò kọ̀ọ̀kan ò ju hóró ẹ̀gúsí lọ. Kí ni mo lè fi lẹ̀ ẹ́? Tépù tí mo lẹ̀ mọ́ ọn ti ṣí.

---

Nọ́ọ̀sì_Rónkẹ́ · 23 oṣù kọkànlá

Mo kà á, mo sunkún níbi iṣẹ́. Ẹ fi nọ́ńbà náà ránṣẹ́. Ẹ pààrọ̀ bátìrì rẹ̀ kí ẹ tó tún lọ.

---

Àdùkẹ́_Boise · 24 oṣù kọkànlá

Ẹ kú oríire, ẹ̀gbọ́n. Tépù lásán ò lè mú aṣọ tó ní sílíkónì. Ẹ ra sílíkónì inú ọ̀pá, èyí tí wọ́n fi ń dí etí fèrèsé, kó jẹ́ sílíkónì gidi. Ẹ nu ojú ibẹ̀ pẹ̀lú sípíríìtì kó gbẹ, ẹ gé aṣọ kékeré lára àpò tí wọ́n fi kó àgọ́ náà wá, ẹ ta sílíkónì tín-ín-rín sí i, ẹ lẹ̀ ẹ́ láti ìta, ẹ gbé ìwé ńlá lé e títí ilẹ̀ á fi mọ́. Tí òkè páìpù yín bá ní àwọ̀n tó ń mú ẹ̀ta, ẹ yọ ọ́ wò. Ó ṣeé ṣe kó ti jó.

---

Ọmọ_Ìgbòho · 24 oṣù kọkànlá

Mo yọ ọ́ wò báyìí. Ó ti ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Màá ra òmíràn lọ́la, oní-irin tó nípọn ju èyí lọ.